Ẹsẹ̀ Erin Tí Kò Wọlẹ̀

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní àlọ́ o! Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ un, ṣé òùngbẹ ti gbẹ yín lọ́fun ni?

Ààlọ̀!

Ẹ́n-ẹ́n, ó dáa báyìí. Àlọ́ mi gbéra, ó di ojú ẹrẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ Àparò ìyá ọmọ, ó tẹ ẹsẹ̀ Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má díbọ́n pé ẹ̀ ń tòògbé. Ìbò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ìbò Ààrẹ àti ìbò àwọn aṣòfin. Mo sì ti rí àpò ìrẹsì tí wọ́n ya àwòrán èèyàn sí lára, lẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan nínú agbo ilé yìí. Mi ò dárúkọ o. Bàbá Oyèwùmí, ẹ kú ìjókòó.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nínú igbó. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò gbẹ, àbàtà gbẹ, ewé rọ lórí igi. Ìṣun kan ṣoṣo ló kù tí omi ń sun níbẹ̀, lábẹ́ àpáta ńlá kan. Ẹranko ńlá ń mu ún, ẹranko kékeré ń mu ún. Kò sí ẹni tó ń lé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àparò ń gbé inú koríko, ibẹ̀ sì jìnnà sí ìṣun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọmọ ni, àwọn ọmọ náà kò tíì lè fò. Omi tí wọ́n ń mu, ẹnu ni ìyá wọn fi ń gbé e wá. Bí Àparò bá ti lọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló ń bá a ṣọ́ wọn láti orí igi. Bí àṣá bá yọ lókè, Ọ̀kẹ́rẹ́ á ké, á sì máa juwọ́, àwọn ọmọ á sá wọ abẹ́ koríko. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ tipẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú lásán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìwà Àparò fún yín. Ẹlẹ́mìí ìfura ni. Bí ewé bá já, á ní ta ló já a? Bí ẹnì kan bá kí i ju bó ti yẹ lọ, á ní kí lo fẹ́? Mi ò bá a wí. Ẹyẹ tí gbogbo ayé ń wò bí ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn fọnfọn. Àwọn àgbà náà ló sì ní ìfura loògùn àgbà.

Wàyí o, sáà Ààrẹ tó wà níbẹ̀ parí. Àwọn ẹranko ní àwọn fẹ́ yan Ààrẹ tuntun, kí wọ́n sì yan àwọn aṣòfin tí yóò máa bá a dá sí ọ̀rọ̀ igbó. Ẹ ò bi mí bí ẹranko ṣe ń dìbò?

Báwo ni wọ́n ṣe ń dìbò?

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í! Ẹ̀bá ìṣun yẹn, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n á pín ẹrẹ̀ náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ní tirẹ̀. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká kí ojú má baà tó o. Ẹranko á dá wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń yan Ààrẹ, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń yan aṣòfin. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn á wó ọgbà náà lulẹ̀, wọn á ka ojú ẹsẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹgbẹ́ méjì ló jáde. Ẹfọ̀n ló ṣáájú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Ẹfọ̀n kò pọ̀. Ó dúró níwájú gbogbo ẹranko, ó ní, "Ìṣun á wà bó ṣe wà. Kékeré á mu ún, kí ńlá tó mu ún." Ó bá lọ jókòó. Kò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àwọn ẹranko pòṣé. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń wá ipò tí kò láwọ́, ìgbà tó bá débẹ̀ tán ni yóò wá láwọ́?" Àparò náà wò ó títí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹfọ̀n tó dákẹ́ báyìí, kí ló ń pa mọ́?"

Ìjàpá ló ṣáájú ẹgbẹ́ kejì. Ìyẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ilé dé ilé ló ń kiri. Ó dé ilé Àparò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ru agbọ̀n. Iyọ̀ wà nínú agbọ̀n, amọ̀ tútù náà wà níbẹ̀.

"Ìyá ọmọ, mo kí i yín o. Àwọn ọmọ wa dà? Háà, wọ́n mà ti dàgbà!"

"Wọ́n wà. Kí lẹ rù yẹn?"

"Iyọ̀ ni. Tiyín ni mo gbé wá."

"Iyọ̀ kí ni?"

"Iyọ̀ ìfẹ́ ni."

Àparò wo iyọ̀, ó wo Ìjàpá. "Ọkọ Yánníbo, ìfẹ́ tí ẹ kò ní sí wa lọ́dún tó kọjá, ibo lẹ ti rí i lọ́dún yìí?"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín títí ikarahun rẹ̀ fi mì. "Ìfura yín ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n ní àwọn ẹranko igbó kejì fẹ́ yọ́ wọlé wá bá wa dìbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ojú ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ onígbó sílẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀tún sórí amọ̀ yìí, ẹ tẹ òsì. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ kò ní í lè dìbò."

"Ta ló fi òfin yẹn lélẹ̀?"

"Gbogbo wa ni."

"Gbogbo wa kẹ̀? Èmi ò sí níbẹ̀."

"Ẹ lọ pọnmi lọ́jọ́ náà ni."

Àparò da orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó dáa. Bí ẹ bá débẹ̀, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Ọgbà ni n ó fi yí ìṣun ká. Kí omi má baà tán."

"Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn?"

"Ààrẹ ni."

"Bí Ààrẹ bá kọ̀ tí kò ṣí i ńkọ́?"

"Áà, ìyẹn ni àwọn aṣòfin ṣe wà! Wọ́n á ní kó ṣí i."

"Àwọn wo ni aṣòfin yín?"

Ìjàpá húkọ́ díẹ̀. "Yánníbo wà níbẹ̀. Bàbá Yánníbo wà níbẹ̀. Àwọn àbúrò Yánníbo náà wà níbẹ̀. Ẹni iyì ni gbogbo wọn."

Ẹ̀rù ba Àparò. Ó bojú wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń ya ẹnu nínú ooru. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ omi, ta ni yóò dìde lórí ìjókòó nítorí ọmọ àparò? Ó ti pinnu lójú ẹsẹ̀ pé Ìjàpá kọ́ lòun máa dìbò fún. Ṣùgbọ́n bí òun kò bá tẹ amọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí òun dìbò rárá. Ó bá gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀gún ti gún un ní ẹsẹ̀ ọ̀tún láná, ó sì ti fi ewé wé ìka àárín. Tòun ti ewé ló fi tẹ amọ̀ náà. Ó tẹ òsì mọ́ ọn.

Ó gba iyọ̀ náà pẹ̀lú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ó fura, ó sì gba iyọ̀. Bàbá Oyèwùmí, ìrẹsì ọjọ́sí, ṣé ẹ ti dá a padà ni?

Ìjàpá gbé agbọ̀n, ó rìn díẹ̀, ó tún padà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ọmọ, nítorí àwọn ọmọ yìí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ti rà á. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ nílé yìí, etí àwọn kan ló ń bọ́ sí. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Àparò tó ti ń fura sí i láti àárọ̀, tó fura sí iyọ̀, tó fura sí amọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló gbàgbé láti fura sí. Ó gbójú sókè, ó rí Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka tó ń wò ó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, abájọ tó fi máa ń wo ilé mi lójoojúmọ́!

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí Ìjàpá gbà lọ. Abẹ́ igi Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ó fún un ní iyọ̀, ó gba ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé wọ́n ti ra Àparò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kiri gbogbo igbó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, aládùúgbò ò kí aládùúgbò mọ́. Bí méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta á ní òun ni wọ́n ń tà.

Láti ọjọ́ náà, Àparò kò fi ọmọ sílẹ̀ fún Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́. Ó ń kó wọn lẹ́yìn lọ sí ìṣun, nínú oòrùn, nínú eruku. Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré jù nínú wọn ṣubú lójú ọ̀nà. Ó kọ̀, kò dìde. Àparò fi koríko bò ó, ó sáré lọ bu omi sẹ́nu, ó sáré padà, ó ń kán an sí i lẹ́nu, ó ń sunkún. Ọmọ náà là á, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò dúró dáadáa mọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó gbójú sá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé Ìjàpá ní gbogbo àkókò yìí, Àparò kò mọ̀ ọ́n, ìgbẹ̀yìn la tó gbọ́ ọ. Ìjàpá ń gbẹ́ igi ni. Ó ń wo ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí amọ̀, ó ń fi igi gbẹ́ irú ẹ̀: ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ Ẹtu, ẹsẹ̀ Ọ̀yà.

Yánníbo ní, "Baálé mi, èyí ti tó. Ẹsẹ̀ àwọn kéékèèké nìkan ti borí Ẹfọ̀n."

Ìjàpá ní, "Kò tó. Mi ò fẹ́ borí lásán. Mo fẹ́ borí tí ìtìjú á fi lé Ẹfọ̀n kúrò nínú igbó yìí. Ẹsẹ̀ Erin ló kù tí mo fẹ́ gbẹ́."

"Ẹsẹ̀ Erin kẹ̀? Ta ni yóò gbé e?"

"Igi tó fúyẹ́ ni n ó fi gbẹ́ ẹ."

Ọjọ́ ìbò pé. Gbogbo ẹranko pé jọ sẹ́bàá ìṣun. Ìjàpá ń jó kiri, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ o, ọmọ onígbó,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́.*
Ẹni jẹ iyọ̀, kó rántí oníyọ̀,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́.*
Ojú ẹnìkejì rẹ ni kó o máa ṣọ́,
*Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́.*

Wọ́n dìbò títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹ̀gún ti jáde lẹ́sẹ̀ Àparò, ó ti ju ewé nù. Ó wọlé, ó fi ọ̀tún tẹ ẹrẹ̀ Ẹfọ̀n, ó fi òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ó gbẹ́kẹ̀ lé Ẹfọ̀n o. Ọgbà ni kò fẹ́.

Nígbà tí ooru mú jù, Ìjàpá ní kí gbogbo ayé lọ sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi. Ẹnì kan ní, "Ta ni yóò ṣọ́ ọgbà?" Ìjàpá ní, "Ẹ yan olùṣọ́ púpọ̀. Ẹ yan àwọn tí wọn ò fẹ́ràn ara wọn, kí wọ́n má baà gbìmọ̀ pọ̀." Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyí. Wọ́n fi Àparò sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi Ọ̀kẹ́rẹ́ sí orí kùkùté kan lọ́ọ̀ọ́kán níwájú rẹ̀, wọ́n fi àwọn yòókù yí i ká.

Ẹ wá wo ìṣọ́ tí wọ́n ń ṣọ́. Olùṣọ́ ń ṣọ́ olùṣọ́! Kò sí ẹni tó ń wo ọgbà, wọ́n ń ranjú mọ́ ara wọn. Àparò la ojú rẹ̀ sílẹ̀, kò ṣẹ́jú, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wò. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bó bá mira pẹ́nrẹ́n, màá pariwo."

Ó bá gbọ́ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀. Pọ̀tọ̀. Pọ̀tọ̀. Bíi ẹni tó ń tẹ nǹkan mọ́ ẹrẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde lórí kùkùté, ó bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́, bó ṣe máa ń juwọ́ nígbà tí àṣá bá yọ. Ó ń nawọ́ sí ẹ̀yìn Àparò.

Àparò ní, "Irọ́ ni! Ó fẹ́ kí n yíjú ni, kó lè wọlé." Kò yíjú.

Pọ̀tọ̀. Pọ̀tọ̀. Pọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kò yíjú o.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wó ọgbà lulẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ wà lórí ẹrẹ̀ Ẹfọ̀n, kò kéré. Ṣùgbọ́n tí Ìjàpá! Ó kún dé etí. Wọ́n kà á títí ó rẹ̀ wọ́n. Ẹtu wo Ọ̀yà. Ọ̀yà wo Ẹtu. "Ìwọ lo tà wá!" "Èmi kẹ̀? Ìwọ ni, ìwọ tó ń lá iyọ̀ ní gbangba!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn ní etí. Ẹfọ̀n dorí kodò. Àwọn àbúrò Yánníbo kò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n ti ń kó òpó bọ̀, òpó ọgbà ìṣun. Ọ̀kan ti ń gbẹ́ ihò.

Àparò ń wo ẹrẹ̀ Ìjàpá. Ó rí ojú ẹsẹ̀ àparò kan níbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìka àárín rẹ̀ wú gbọ̀ǹgbọ̀n, bí ìka tí wọ́n fi ewé wé.

Ó rò ó wò. Bí òun bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní òun dìbò fún Ìjàpá, ẹsẹ̀ òun ló wà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní òun gba iyọ̀, òótọ́ sì ni. Bí òun bá dákẹ́, ojú gbogbo èèyàn kò ní dé ọ̀dọ̀ òun. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọmọ rẹ̀ kékeré, èyí tí ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá òpó mọ́lẹ̀.

Ó fò sókè, ó bà lé orí àpáta. "Ẹ dúró! Ẹsẹ̀ mi rèé níbí, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́! Mo gba iyọ̀ Ìjàpá, mi ò jiyàn. Ọjọ́ tí mo tẹ amọ̀ fún un, ewé wà ní ìka mi. Lónìí kò sí ewé lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ wò ó! Ewé ìgbà yẹn ló wà lójú ẹrẹ̀ yìí!"

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Ó dìbò fún mi, ojú ló wá ń tì í. Ó tú ewé nù tán ló ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Òmíràn ní, "A mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti rà á." Àparò dúró lórí àpáta, kò sí ẹni tó gbè é. Ìgbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kùkùté. Ó rìn wá sínú ẹrẹ̀.

Ó ní, "Àparò ò purọ́. Tèmi náà rèé níbí, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí imọ̀ ọ̀pẹ ń mì lọ́sàn-án yìí. Mo juwọ́ sí i." Ó gbójú sókè wo Àparò. "Mo juwọ́ sí ọ."



Ìjàpá rí i pé ọ̀rọ̀ ń yí. Ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ló kó bá a. Ó ní, "Ẹ fi àwọn kéékèèké wọ̀nyí sílẹ̀! Ẹ wo ibí. Bàbá Erin alára dìbò fún mi, ẹsẹ̀ wọn rèé gbàǹgbà! Bàbá Erin, ẹ ṣeun o."

Erin tó ti ń tòògbé lẹ́yìn la ojú. "Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀."

Àparò wo ojú ẹsẹ̀ náà láti orí àpáta. Ó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ erin. Ṣùgbọ́n kò jìn. Àwo pẹrẹsẹ jìn jù ú lọ. Ó ní, "Bàbá Erin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ ọ̀kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìjàpá pariwo, "Ó tì o! Òfin ò gbà kéèyàn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!"

Erin ti gbé ẹsẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Gbììì! Ẹsẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún. Ẹrẹ̀ pọ̀ jáde lọ́tùn-ún lósì, ó ru sókè, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ igi! Ẹsẹ̀ Ọ̀yà ta jáde. Ẹsẹ̀ Ẹtu ta jáde. Ìjàpá ti tẹ̀ wọ́n tán, ó sì rì wọ́n mọ́ inú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àparò kan já bọ́ síwájú Àparò, ó ní ewé lára. Ìjàpá gbẹ́ ewé mọ́ ọn fínnífínní, ó rò pé bí ìka rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ká ní kò gbẹ́ ti Erin, ta ni ì bá pe Erin?

Gbogbo ẹranko yíjú sí Ìjàpá. Wọ́n ní, "Yọ ẹsẹ̀ tìrẹ ká rí i." Ìjàpá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ kún un dé ìtan. Ó fa ti iwájú wọlé. Ó fa ti ẹ̀yìn wọlé. Ó fa orí mọ́ ọn. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń kànkùn ikarahun, wọ́n ń kọrin:

Ìjàpá, yọ ẹsẹ̀ rẹ ká rí i,
*Yọ ọ́, yọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́.*
Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo wa,
*Yọ ọ́, yọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́.*

Kò yọ ọ́. Títí dòní, bí ẹ bá fọwọ́ kan Ìjàpá, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fà wọlé. Ó rò pé ìbò ọjọ́ náà lẹ wá bi òun.

Wọ́n fa òpó tu. Ẹfọ̀n di Ààrẹ, àwọn tirẹ̀ di aṣòfin. Bí wọ́n ṣe ń kí i, Àparò lọ bá a. "Ààrẹ, mo dìbò fún yín, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò yín o. Lójoojúmọ́ ni n ó máa wá wo ìṣun yẹn." Ẹfọ̀n ní, "Máa wò ó." Ó tún dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Àparò kó àwọn ọmọ rẹ̀ délé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gun igi rẹ̀. Àparò dúró lábẹ́ igi náà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "O juwọ́ sí mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Àwọn ọmọ ò tíì mumi. Lọ pọn wá. Mo wà lókè níbí."

Àparò lọ. Kò bojú wẹ̀yìn títí ó fi débẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìfura dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹni tó wá kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa fura sí ara yín. Nígbà tí olùṣọ́ bá ń ṣọ́ olùṣọ́, olè á fi ara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì ti gba iyọ̀, kó má torí ìtìjú dákẹ́. Kó la ẹnu ní gbangba, kó sì dìbò fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Bí mo bá purọ́, kí ẹrẹ̀ má gba ojú ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá sọ òótọ́, kí ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bíi ti Erin. Ẹ gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì!

Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Bàbá Oyèwùmí, ẹ jókòó ná. Ẹni tó gbé ìrẹsì yẹn wá, kí ló sọ fún yín nípa èmi?